Kámẹ́rà onífíìmù l'Ékòó: èwo ni kí n rà, ta ló sì máa bá mi fọ fíìmù ẹ̀?

Ọmọ Pópó Àgùdà kọ:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà nídìí fọ́tò. Mo fẹ́ ra kámẹ́rà onífíìmù, ìmọ̀ràn yín ni mo ń tọrọ kí n tó náwó. Ẹni kan tó ń ta ẹrù tòkúnbọ̀ ní Ìdúmọ̀tà kó mẹ́ta síwájú mi: Canon AE-1, Pentax K1000 àti Olympus Trip 35. Owó wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Fóònù ni mo fi ń yàwòrán látọjọ́ yìí, mi ò lo onífíìmù rí.

Àwọn ilé Àgùdà àdúgbò wa, èyí tí àwọn tó ti Brazil bọ̀ kọ́, ni mo fẹ́ fi yà, láti Bámgbóṣé dé Campos. Wọ́n ń tán lọ lójú wa. Ilojo Bar, ọ̀kan nínú wọn, tó wà ní Tinúbú, 1855 ni wọ́n kọ́ ọ, ìjọba sì kéde ní 1956 pé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ni. Ní September 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀ṣọ́ orí fèrèsé ẹ̀ ṣe rí lónìí, inú fọ́tò nìkan ló ti lè rí i. Ìdí nìyí tí mo fi ń fẹ́ fíìmù. Mo fẹ́ nǹkan tó ṣeé dì mú, tí ọmọ mi lè gbé sókè sójú ìmọ́lẹ̀ kó sì rí ilé náà níbẹ̀, láì béèrè pásíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Èwo nínú mẹ́ta yìí ni kí n mú? Ibo ni wọ́n ti ń fọ fíìmù báyìí? Ṣé ooru Èkó ò ní bà á jẹ́?

Ayàwòrán Súrùlérè fèsì:

Àbúrò, ra K1000, má wojú ẹnikẹ́ni.

Canon AE-1 dára, lẹ́ńsì ẹ̀ mọ́, àmọ́ tí bátìrì bá ti kú, gbogbo ẹ̀ kú nìyẹn, ṣọ́tà ẹ̀, ìyẹn ìlẹ̀kùn tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé bá fíìmù, ò ní ṣí rárá. K1000 ní tiẹ̀, irin àti sípíríǹgì ló ń bá a ṣiṣẹ́. Bátìrì kékeré tó wà nídìí ẹ̀, mítà ìmọ́lẹ̀ nìkan ló wà fún. Bátìrì tán o, kò tán o, wàá máa yàwòrán ẹ lọ. Láti 1976 títí di 1997 ni wọ́n fi ṣe é, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ fọ́tò ni wọ́n sì lò ó jù, ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ níta, tí ẹ̀yà ara ẹ̀ ò sì ṣòro rí. Kan rántí pé kò ní ibi tí wọ́n ti ń pa mítà yẹn. Ìdérí lẹ́ńsì ló ń pa á. Tó o bá gbé e kalẹ̀ láì dé e lójú, bátìrì á máa lọ díẹ̀díẹ̀.

Má sanwó fún èyíkéyìí láì ṣe àyẹ̀wò. Ṣí ẹ̀yìn ẹ̀, kọ ojú ẹ̀ sí ibi tó mọ́lẹ̀, fi ṣọ́tà sí 1/1000 àáyá, gbé ojú ẹ sẹ́yìn ẹ̀ kó o tẹ̀ ẹ́. Ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ kedere láti etí kan dé èkejì. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá ṣókùnkùn, aṣọ ṣọ́tà ti ń fà, bó o bá yàwòrán nínú oòrùn, apá kan fọ́tò á dúdú. Fi sí 1/1000 lẹ́ẹ̀kan sí i, tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà míì ó máa ń ṣe dáadáa lẹ́ẹ̀kan kó tó fi ìwà ẹ̀ hàn. Wá fi ìka kan fóòmù dúdú tó yí ẹnu ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ká. Tó bá lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́, ó ti jẹrà, ìmọ́lẹ̀ á máa yọ́ wọlé. Ìyẹn ò le, ó ṣeé pààrọ̀, ṣùgbọ́n fi dínwó.

Èyí tó le ni lẹ́ńsì. Yọ ọ́ kúrò lára kámẹ́rà, ṣí ojú ẹ̀ sílẹ̀ gbagada, tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i láti ẹ̀yìn. Tó o bá rí fọ́nrán tín-tìn-tín tó ta kiri lórí gíláàsì, ebu nìyẹn. Ọ̀rinrin Èkó ló máa ń fà á, pàápàá tí wọ́n bá dì í mọ́ inú báàgì aláwọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gbé e padà fún un.

Ìyá Ìbejì Yábàá fèsì:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò dárúkọ Trip 35 rárá! Òun ni mo ń lò, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ dénúdénú.

Àbúrò mi, gíláàsì rómirómi tó yí lẹ́ńsì ẹ̀ ká, ìmọ́lẹ̀ ló ń jẹ. Kò ní bátìrì kankan lára. Láti 1967 ni wọ́n ti ń ṣe é títí di 1984. Ìyára ṣọ́tà méjì péré ló ní, 1/40 àti 1/200, òun fúnra ẹ̀ ló sì máa mú èyí tó bá yẹ. Ìwọ kàn máa sọ fún un bí nǹkan tó o fẹ́ yà ṣe jìnnà tó: àmì ẹnì kan, ẹni méjì, ogunlọ́gọ̀ èèyàn, àti òkè. Kò sí ìgbà tí mo fẹ́ ya àwọn ìbejì mi tí wọ́n ń sáré ká kọ́rídọ̀ tí mo ní láti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró. Ogunlọ́gọ̀ ni mo máa ń fi sí, mo tẹ̀ ẹ́, ó tán.

Tí ìmọ́lẹ̀ ò bá tó, nǹkan pupa kan á yọrí nínú ihò tó o fi ń wò ó, bọ́tìnnì ò sì ní gbà kó o tẹ̀ ẹ́, kó má bàa ṣòfò fíìmù. Bó o ṣe máa dán an wò nìyẹn lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á: fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ẹ̀, tẹ̀ ẹ́, pupa gbọ́dọ̀ yọ. Kọ ojú ẹ̀ sóòrùn, tẹ̀ ẹ́, pupa ò gbọ́dọ̀ yọ. Tó bá ń yọ nínú oòrùn, gíláàsì tó ń jẹ ìmọ́lẹ̀ ti kú, má rà á.

Ayàwòrán Súrùlérè fèsì:

Ìyá Ìbejì, òótọ́ lẹ sọ. Ẹni tó ń ya ẹbí àti ìnáwó, Trip ló yẹ ẹ́. Ilé ni àbúrò wa fẹ́ yà, ìdí tí mo fi sọ pé K1000 nìyẹn, torí ó ṣeé pààrọ̀ lẹ́ńsì. Lẹ́ńsì mílímítà 50 ló sábà máa ń bá a wá, àwọn òpópónà yẹn sì há. Bó o bá fẹ̀yìn ti ògiri apá ibí, ilé apá ọ̀hún ò ní gbà sínú fọ́tò. Wá 28 sí i, òun ló ń rí ibi tó fẹ̀ jù.

Má sì gbé ojú kámẹ́rà sókè láti ìsàlẹ̀ torí kó o lè rí òrùlé. Ilé á fẹ̀yìn lọ, á dà bíi pé ó fẹ́ ṣubú. Bẹ àwọn ará ilé òdìkejì kí wọ́n jẹ́ kó o gòkè lọ sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́, kó o ya ilé tó o fẹ́ láti ojú fèrèsé wọn.

Gbajúmọ̀ Ìkòyí fèsì:

Ẹ má bínú sí mi o, ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ sọ. Fọ́tò 36 ló wà nínú fíìmù kan. Ẹ máa ra fíìmù, ẹ máa sanwó ìfọ̀, ẹ máa sanwó síkáànì. Fóònù ń ya ọ̀kẹ́ àìmọye láìgba kọ́bọ̀. Fíìmù sì ti ń kú lọ, Kodak fúnra ẹ̀ wọ gbèsè ní 2012. Kí ló dé tí ọmọdé á fi bẹ̀rẹ̀ ohun tó ń parí lọ?

Tíṣà Èbúté Mẹ́ta fèsì:

Ẹ̀gbọ́n Ìkòyí, Kodak lọ sílé ẹjọ́ gbèsè ní January 2012, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń ṣe fíìmù ní Rochester, Amẹ́ríkà, títí dòní. Ilford ń ṣe tiwọn ní Mobberley, ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2024, Pentax gbé kámẹ́rà onífíìmù tuntun jáde, wọ́n pè é ní Pentax 17. Ìdajì àyè ló ń lò lórí fíìmù, nítorí náà fíìmù 36 á fún yín ní fọ́tò 72. Olympus ti ṣe irú ẹ̀ ní 1959, Pen ni wọ́n pè é, ẹ ṣì lè rí i nínú ẹrù tòkúnbọ̀. Ẹni tí owó fíìmù ń dùn, ọ̀nà kan nìyẹn.

Ọ̀nà kejì ni kéèyàn máa lo dúdú-àti-funfun kó sì máa fọ̀ ọ́ fúnra ẹ̀ nínú ilé. Ibẹ̀ ni owó ti ń dín kù jù.

Ohun tí fóònù ò lè ṣe fún mi ni kí ó jẹ́ kí n dúró. Tí mo bá mọ̀ pé díẹ̀ ló kù, mo máa wo ilé náà yí po kí n tó tẹ ohunkóhun. Mo máa dúró de ìgbà tí oòrùn bá yí dé ara ògiri. Àwọn ọmọ ilé ìwé mi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì ti rí bí ojú wọn ṣe là sí nǹkan tí wọ́n ń kọjá lójoojúmọ́.

Bàbá Onífọ́tò Ṣómólú fèsì:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Sítúdíò ni mo fi jẹun ní Ṣómólú kí kọ̀ǹpútà tó gbọjà lọ́wọ́ wa. Inú mi dùn sí ohun tí mo ń kà níbí.

Kí ẹ má fòyà nítorí mítà. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tó dé ọwọ́ wa nígbà náà, kò ní mítà, tàbí kí mítà ẹ̀ ti kú kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Oòrùn la fi ń wọ̀n ọ́n. Tí oòrùn bá ràn gan-an, tí òjìji rẹ hàn ketekete nílẹ̀, fi ojú lẹ́ńsì sí 16 (bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ń kéré sí i ni ojú ẹ̀ ń ṣí sí i). Wá fi ṣọ́tà sí iye tó sún mọ́ nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára fíìmù: fíìmù 400, 1/500; fíìmù 100, 1/125. Tí òjìji bá rọ̀, tí etí ẹ̀ ò mú mọ́, fi sí 11. Tí òjìji ò bá sí mọ́ rárá, 8 tàbí 5.6. Tí ẹni tí o fẹ́ yà bá wà lábẹ́ ìbòji, 4. Lásìkò ọyẹ́, ojú ọ̀run máa ń funfun, á dà bíi pé ìmọ́lẹ̀ pọ̀, bẹ́ẹ̀ eruku ti gba agbára oòrùn. Òjìji ni kí o wò, má wo ojú ọ̀run.

Ohun kejì ni àwọ̀ ara wa. Mítà kò mọ èèyàn. Ó gbà pé ohun gbogbo tó wà níwájú òun, àwọ̀ eérú ni. Tí o bá kọ ọ́ sí ọkùnrin dúdú tó wọ agbádá funfun, funfun yẹn á tàn án jẹ, á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á ní kí o pa ojú lẹ́ńsì dé. Bí o bá gbọ́ tiẹ̀, agbádá á jáde dáadáa, ojú oníbàárà á dúdú bí ìdí ìkòkò. Oníbàárà yẹn ò ní sanwó! Àtẹ́lẹwọ́ tìrẹ ni kí o wọ̀n, nínú ìmọ́lẹ̀ kan náà tí òun wà, kí o wá ṣí lẹ́ńsì sí i ní ìgbésẹ̀ kan, bíi láti 16 sí 11. Àtẹ́lẹwọ́ gbogbo wa fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, kò níí ṣe pẹ̀lú bí èèyàn ṣe pọ́n tó. Ó sàn kí fíìmù nẹ́gẹ́tífù rí ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ díẹ̀ ju kó rí èyí tí kò tó. Ohun tí fíìmù ò bá rí, kò sí ẹni tó lè fọ̀ ọ́ jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé kámẹ́rà yín kéré, ayàwòrán wa J.D. 'Okhai Ojeikere ra kámẹ́rà Brownie D ní 1950, kò ní fíláṣì lára, òun ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní sítúdíò tiẹ̀ ní Kétu níbí. Láti 1968 ló ti ń ya irun orí àwọn obìnrin wa, dúdú-àti-funfun, ọ̀pọ̀ ẹ̀ láti ẹ̀yìn orí. Ẹ wo ibi tí òwú ti di irun mú nínú onílé gogoro tó yà, ẹ lè ka ìdì òwú kọ̀ọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, àti sùúrù. Ó di olóògbé ní 2014, iṣẹ́ yẹn sì ti yí ayé ká.

Ọmọ Pópó Àgùdà fèsì:

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an ni, mo dọ̀bálẹ̀. Ọ̀rọ̀ òjìji yẹn, mo ti lọ síta lọ dán an wò pẹ̀lú fóònù, mo kàn ń wo ilẹ̀ kiri.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ìfọ̀. Ṣé kí n máa gbé e lọ fún wọn ni, àbí kí n fọ̀ ọ́ nílé?

Ìyá Ìbejì Yábàá fèsì:

Fíìmù aláwọ̀, gbé e fún wọn. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí ojú mi rí. Ilé ìfọ̀fíìmù kan lápá Mainland níbí, tí n kò ní dárúkọ, fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mo ní nẹ́gẹ́tífù mi, ìyẹn fíìmù tí wọ́n fọ̀ gan-an, ńkọ́? Wọ́n ní àwọn ti dà á nù, pé àwọn oníbàárà kì í béèrè. Ọjọ́ ìkómọ ni o, pẹ̀lú ìyá àgbà tí kò sí láyé mọ́. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń kọ ọ́ gàdàgbà sára àpòòwé pé kí wọ́n dá nẹ́gẹ́tífù padà, mo sì máa ń jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ fún mi lẹ́nu kí n tó sanwó.

Ayàwòrán Súrùlérè fèsì:

Tún bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ kẹ́míkà kẹ́yìn. Ilé tí fíìmù kì í wọ̀ dáadáa, kẹ́míkà ẹ̀ á ti dàgbà nínú ẹ̀rọ, àwọ̀ á sì máa yí sí búlúù tàbí sí pupa. Àwọn tó ń kó fíìmù ọ̀pọ̀ èèyàn jọ kí wọ́n tó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n máa ń pẹ́, àmọ́ àwọn ni mo fọkàn tán jù.

Tíṣà Èbúté Mẹ́ta fèsì:

Dúdú-àti-funfun ní tiẹ̀, fọ̀ ọ́ nílé. Ooru ni ọ̀tá ẹ, a sì lè ṣẹ́gun ẹ̀.

Ìwé Ilford sọ pé fíìmù HP5 Plus nínú kẹ́míkà ID-11 tí a ò fi omi là, ìṣẹ́jú 7 àbọ̀ ni, tí kẹ́míkà bá wà ní 20 sẹ́ńtígíréètì. Omi tó ń bọ̀ látinú táǹkì orí òrùlé wa, ọ̀sán gangan, ó lè tó 30. Bó o bá fi ìṣẹ́jú 7 àbọ̀ fọ̀ ọ́ nínú ìyẹn, ó ti jinná jù, ojú ọ̀run àti aṣọ funfun á di pátápátá, kò ní sí nǹkan nínú wọn mọ́. Bó o bá sì gé àsìkò kúrú débi pé kò tó ìṣẹ́jú 5, kẹ́míkà ò ní dé gbogbo ara fíìmù bákan náà, wàá rí ìlà àti àbàwọ́n.

Ohun tí èmi ń ṣe ni pé mo máa ń fi omi là á dọ́gba-dọ́gba. Ìṣẹ́jú 13 ló máa gbà ní 20, ní 24 á wá sí bíi 9. 24 ò sì le l'Ékòó. Mo máa ń kó píọ̀ wọ́tà tó ti dì látinú fíríìsà sínú báàfù, màá to ìgò kẹ́míkà sáàárín wọn, màá fi tẹmómítà sínú ìgò. Yìnyín kì í wọnú kẹ́míkà, ìta ìgò ló ń wà. Omi tó o máa fi ṣan fíìmù náà ńkọ́? Òun pẹ̀lú gbọ́dọ̀ wà nítòsí 24 yẹn. Tó o bá ti inú kẹ́míkà tútù bọ́ sínú omi gbígbóná lójijì, ara fíìmù á sunkì, á ya pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, fọ́tò á rí ṣákaṣàka.

Aláwọ̀ gan-an, òdìkejì ni: 38 sẹ́ńtígíréètì ni kẹ́míkà C-41 ń fẹ́, ìṣẹ́jú 3 àti àáyá 15. Báàfù omi gbígbóná ló máa gbà, ooru wa sì ti gbé e dé àárín ọ̀nà kó o tó gbé kẹ́tù kaná.

Àwọn kan tún ń fi kọfí, fítámìn C àti sódà ìfọṣọ fọ fíìmù. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Sódà ìfọṣọ ni o, kì í ṣe sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì, kì í sì í ṣe káún ọbẹ̀.

Bàbá Onífọ́tò Ṣómólú fèsì:

Tíṣà, o kú iṣẹ́. Àmù làwa fi ń mú omi tutù kí fíríìsà tó kárí. Ó ń ṣiṣẹ́ jù lásìkò ọyẹ́ torí afẹ́fẹ́ gbẹ. Lásìkò òjò, kò fi bẹ́ẹ̀ ràn wá lọ́wọ́, òru la máa ń fọ̀ ọ́.

Kí n fi díẹ̀ kún un. Ẹni tó bá ń ki fíìmù sínú táǹkì ìfọ̀ nínú òkùnkùn, kó kọ́kọ́ gbẹ ọwọ́ ẹ̀, kó gbẹ òógùn ojú. Tí òógùn bá kán sórí fíìmù, ó máa lẹ̀, kò ní yí mọ́, àmì ẹ̀ ò sì ní kúrò láé. Fi fíìmù tó ti bàjẹ́ kọ́ ọwọ́ rẹ ní ojúmọmọ, kí o tún fi kọ́ ọ pẹ̀lú ojú dídì, kí o tó gbé ojúlówó wọ òkùnkùn. Wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn náà. Ìmọ́lẹ̀ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò máa ń gba abẹ́ ẹ̀ wọlé.

Ilé ìwẹ̀ ni kí o sá fíìmù sí kó gbẹ, kì í ṣe ìta. Da omi sílẹ̀ ibẹ̀ kí o tó gbé e wọlé, kí eruku lè wálẹ̀. Eruku ọyẹ́ tó bá bà lé fíìmù tútù, ó ti di ara fíìmù nìyẹn. Fíṣà, kẹ́míkà tó ń mú àwòrán dúró lára fíìmù, tó o bá ti lò ó, fàdákà wà nínú ẹ̀, má dà á sí ẹ̀bá kànga ẹnikẹ́ni. Inú kẹ́ẹ̀gì ni kó o máa gbà á sí, àwa máa ń rí àwọn tó ń rà á láyé ìgbà yẹn torí fàdákà yẹn.

Gbajúmọ̀ Ìkòyí fèsì:

Bàbá, ẹ ṣeun sà. Mo ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàbá mi ní kámẹ́rà pásípọ́ọ̀tù olójú mẹ́rin nílé, ti àwọn tó máa ń jókòó síwájú bánkì, tí wọ́n á fa bébà já, tí fọ́tò á yọ lójú ẹsẹ̀. Ṣé mo lè jí i dìde?

Bàbá Onífọ́tò Ṣómólú fèsì:

Èmi náà fi ẹ̀ ṣiṣẹ́. Fíìmù ẹ̀ ni kò sí. Polaroid ti jáwọ́ nínú fíìmù irú ẹ̀ ní 2008, Fujifilm tó kù, wọ́n dá FP-100C, èyí tó kẹ́yìn, dúró ní 2016. Èyí tó bá ṣẹ́kù níbìkan ti gbẹ. Gbé e sórí sẹ́ẹ̀fù, tọ́jú ẹ̀ fún bàbá rẹ.

Tíṣà Èbúté Mẹ́ta fèsì:

Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láì náwó púpọ̀, ẹ ṣe èyí tí èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì mi ń ṣe. Agolo mílíìkì ńlá tó ní ìdérí ni. A kun inú ẹ̀ ní dúdú. A lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, a wá gé pépé kan lára agolo mọ́ọ̀tì, a fi orí abẹ́rẹ́ ìránṣọ gún un díẹ̀, kó kàn yọ, a sì yún ẹ̀yìn ẹ̀ pẹ̀lú sáńpépà títí tí ihò fi mọ́. A lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ihò ńlá yẹn. Sẹ́lótéèpù dúdú ni ṣọ́tà. Bébà fọ́tò la fi sínú, lábẹ́ gílóòbù pupa, ní òdìkejì ihò. Bébà ni gílóòbù pupa wà fún o, ẹ má tàn án sí fíìmù.

Ẹ gbé agolo lé orí òkúta, kó má mì. Nínú oòrùn ọ̀sán, ìdajì ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan máa ń tó. Nítorí pé agolo rí róbótó, ilé á tẹ̀, ojú ọ̀nà á tẹ̀, ẹni tó bá kọjá ò ní hàn rárá àyàfi tó bá dúró. Ọmọ kan nínú kíláàsì mi ya iwájú ilé ìwé lásìkò ìjáde, gbogbo ọmọ ń rọ́ kọjá, fọ́tò ẹ̀ kò ní ẹyọ èèyàn kan àfi ìyá tó ń ta ẹ̀pà, torí òun ló jókòó. Ó gbé e lọ fún ìyá náà. Mi ò rí kámẹ́rà olówó ńlá tó ṣe irú ẹ̀.

Ayàwòrán Súrùlérè fèsì:

Tíṣà, fọ́tò yẹn, mo fẹ́ rí i.

Kí n tó gbàgbé, ẹni tó bá máa bá yín ra fíìmù bọ̀ láti òkè òkun, kó má fi sínú ẹrù tí wọ́n ń kó sábẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò ń ba fíìmù jẹ́. Kó gbé e dání, kó sì bẹ àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ kí wọ́n fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, torí ẹ̀rọ CT tuntun tí wọ́n ń gbé wá fún ẹrù ọwọ́ náà ń ba fíìmù jẹ́. Tó bá délé, inú fíríìjì, nínú ọ̀rá tó pa mọ́. Ọjọ́ tó o bá fẹ́ lò ó, yọ ọ́ jáde ṣáájú, má tètè ṣí i. Tó o bá ṣí i nígbà tó ṣì tutù, omi á sẹ̀ sí i lára.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó fèsì:

Mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ látàárọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ wá yàwòrán ní Erékùṣù, ẹ kí àwọn ará ilé kí ẹ tó yọ kámẹ́rà. Èyí ṣe pàtàkì ju lẹ́ńsì lọ. Ọ̀pọ̀ ilé yẹn, ilé ẹbí ni, ẹjọ́ wà nídìí òmíràn. Bí àlejò bá ń yàwòrán ilé láìsọ̀rọ̀, wọ́n á rò pé ẹni tó fẹ́ wá rà á tàbí tó fẹ́ wá wó o ló rán an. Béèrè bàálé. Jókòó tí wọ́n bá ní kó o jókòó. Àwọn ọmọ àdúgbò á béèrè owó lọ́wọ́ rẹ, bó bá jẹ́ pé àgbà inú ilé ló mú ọ jáde, wọn ò ní dà ọ́ láàmú.

Kámẹ́rà àtijọ́ ń ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀ gan-an. Àwọn bàbá tó bá rí i lọ́rùn rẹ, àwọn gan-an ló máa pè ọ́. Ọ̀kan gbà á lọ́wọ́ mi, ó fà á, ó gbọ́ ìró ṣọ́tà ẹ̀, ó wọlé lọ gbé álíbọ́ọ̀mù jáde. Fọ́tò ilé náà wà níbẹ̀ nígbà tí gbogbo fèrèsé ẹ̀ ṣì pé.

Níbi tí ṣọ́jà tàbí ọlọ́pàá bá ń ṣọ́, ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà wà nínú báàgì.

Ọmọ Pópó Àgùdà fèsì:

Mo ti padà sí Ìdúmọ̀tà. K1000 ni mo mú. Mo ṣe àyẹ̀wò ṣọ́tà lójú ọ̀gá yẹn, ó yà á lẹ́nu. Fóòmù ẹ̀ ti jẹrà, ó sì dínwó. Lẹ́ńsì mọ́. HP5 Plus ni màá kọ́kọ́ fi sí i, èmi àti Tíṣà sì ti sọ̀rọ̀ lórí táǹkì ìfọ̀.

Ìbéèrè tó kù ni ti ìtọ́jú. Tí mo bá fọ̀ ọ́ tán, báwo ni nẹ́gẹ́tífù ṣe máa pẹ́ nínú ọ̀rinrin ibí?

Bàbá Onífọ́tò Ṣómólú fèsì:

O kú orí ire, ọmọ mi. Gé e sí mẹ́fà-mẹ́fà, kó o fi sínú àpòòwé bébà, kì í ṣe ọ̀rá lásán, ọ̀rá máa ń lẹ̀ mọ́ ọn nígbà ooru. Má kó o sí ilé ìdáná, má sì kó o sínú àpótí aṣọ tí káńfọ̀ wà. Wá agolo tó dé dáadáa, wá àwọn ọ̀rá kéékèèké tó ń fa omi, èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, jù wọ́n sínú ẹ̀. Máa ṣí i wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Lórí àpòòwé kọ̀ọ̀kan, kọ nọ́ńbà ilé, orúkọ òpópónà, ọjọ́ tó o yà á, àti orúkọ ẹbí tó ni ilé bí wọ́n bá gbà. Kọ ọ́ kó o tó ki nẹ́gẹ́tífù sínú ẹ̀, lẹ́ẹ̀dì ni kó o sì fi kọ ọ́, bírò máa ń ṣàn. Mo ní nẹ́gẹ́tífù nílé níbí tí n kò kọ nǹkan sí lára nítorí oníbàárà ló ni ín, mo mọ ojú gbogbo wọn.

Ẹ́ńlájà mi, ẹ̀rọ tí mo fi ń tẹ fọ́tò sórí bébà láti ara nẹ́gẹ́tífù, ṣì ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó o bá fọ àkọ́kọ́ tán, gbé e wá sí Ṣómólú. Ìwọ mú bébà fọ́tò dání, èmi ní kẹ́míkà.